Oníbàárà Kan Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé òrùlé yàrá tí o háyà yẹn kò jò mọ́? Tí ara rẹ bá le bí ara tèmi ṣe le, a jẹ́ pé ọpẹ́ ló yẹ wá. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ilé wa láìfẹsẹ̀kọ kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí o dé. Ẹni tó bá ní kí o má jókòó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àga wá fún ọ. Bàbá rẹ ṣe àmín sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n nà sí, wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní ìkíni tiwọn yàtọ̀ sí tèmi, kí n má dà á pọ̀.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wá. Ohun tó fà á tí o fi ń pe fóònù mi tí kò wọlé ni pé fóònù náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú gíláàsì pé ikùn òun ti kún. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe, ó wò ó, ó ní òótọ́ ni, àyè ò sí nínú rẹ̀ mọ́, kí n yọ lára ohun tí mo kó síbẹ̀ kúrò. Mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mi ò kó nǹkan kan síbẹ̀ ju owó bébà kan tí mo ká sábẹ́ páálí rẹ̀. Mo yọ ìyẹn, ó ṣì ní ikùn òun kún. Mo wá rò ó pé ẹni tí ikùn rẹ̀ bá kún, oúnjẹ la máa ń dá dúró fún un. Nítorí náà mi ò fún un ní iná jẹ láti ọjọ́ náà, ó wà nínú àpótí, ó ń sinmi, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò tí mo ń kọ lẹ́tà yìí fúnra mi, pẹ̀lú ìwé tí mo kà ní kíláàsì àwọn àgbà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Gbogbo abúlé ló ti mọ iṣẹ́ rẹ báyìí, torí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ẹni tí kò bi mí gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìjọba gbà ọ́ sí ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó àwọn tí ọtí àti oògùn líle ti mú lẹ́rú sí, pé ìwọ ni agbaninímọ̀ràn wọn, mo bi ọ́ pé kí lo ń ṣe fún wọn gan-an. O ní o máa ń jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa gbọ́. Mo dákẹ́ lórí ìlà, o rò pé fóònù ti já. Kò já o, mò ń ronú ni. Mò ń ronú pé ìjọba tí kò fún ẹni tó ń fi oòrùn ro oko ní nǹkan kan ló ń san owó oṣù fún ẹni tó jókòó. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ti ìjókòó ni, àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún láti ọjọ́ pípẹ́, pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tó àwọn ní gbogbo agbègbè yìí, àìrí ẹni gbé orúkọ àwọn dé iwájú ìjọba ló dá àwọn dúró.

Ohun kan ló kọ́kọ́ rú mi lójú. O máa ń pe àwọn ènìyàn náà ní oníbàárà. Mo ní oníbàárà kẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ mi ń tajà. Ṣùgbọ́n o tún ní tí oníbàárà bá ti wọlé, wọ́n á ti géètì, kò gbọdọ̀ jáde títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Ọmọ mi, èmi náà ń ránṣọ, mo ní oníbàárà. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan nínú wọn títí yóò fi sanwó, ọlọ́pàá ni yóò wá ṣí i. Àmọ́ mo mọ̀ pé ìjọba ní ọ̀nà tiwọn, mi ò bá wọn jiyàn.

O tún ní oníbàárà rẹ kan ti wà ní mímọ́ fún odindi oṣù mẹ́fà, tí gbogbo yín fi dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ pé níbi iṣẹ́ ọmọ wa, tí èèyàn bá wẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, tí bàbá rẹ bá jáde ní balùwẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìṣubú yẹn. O ní ọ̀pọ̀ nínú wọn tó jáde dáadáa ló tún máa ń ṣubú, pé ẹlòmíì á ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wá dúró. Ọmọ mi, ilẹ̀ ni. Mo ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní báńkì, wọ́n fi òkúta dídán tẹ́ ẹ, wọ́n á tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí èèyàn tó wọlé. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, omi lásán ti tó. Mo ti fi àjákù aṣọ hun ẹní ìnusẹ̀ mẹ́rin fún yín, wọ́n wà nínú ẹrù tó ń bọ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ń gbà jáde, torí bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde tán ni wọ́n ń ṣubú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni o ní ọkùnrin tuntun kan ń gbọ̀n, ó ń làágùn, kò lè jẹun, pé wídírọ́ọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo bi tíṣà ilé ìwé wa pé kí ni wídírọ́ọ̀, ó ní òun ni kéèyàn lọ gba owó rẹ̀ jáde ní báńkì. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí dé ọkàn. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ báńkì gbé káàdì mi mì. Mo gbọ̀n, mo làágùn, mi ò lè jẹun títí mo fi délé. Mo bẹ ẹ̀rọ náà, mo kí i, mo bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn, àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kan jáde látinú báńkì wá yọ káàdì náà fún mi. Bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má bá ẹ̀rọ jà. Kó lọ wá ọmọbìnrin inú báńkì.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò ni ti àbúrò mi, Bọ̀dá Káfíńtà yín.

O mọ̀ pé kò sí àga tí a jókòó lé nílé wa tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, títí dórí àpótí tí o gbé lọ sílé ìwé. O sì mọ ti ọtí. Ó ní egbòogi ẹ̀yìn ni, pé iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun òun. Ẹ̀yìn ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láàárọ̀, ó ń dùn ún lọ́sàn-án, ó ń dùn ún lọ́jọ́ ìsinmi tí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Ó kan tábìlì kan fún tíṣà, tí o bá gbé ife kalẹ̀ níhìn-ín, ọ̀hún lo ti máa bá a. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á, ó fara dà á, nígbà tí kò rí ara tí yóò fi dà á mọ́, ó kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì odò.

Wọ́n wá ní kó kan ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré wa, torí ikán ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀. Ó mú ìgò rẹ̀ dání lọ. Ó wọ inú yàrá, ó gbé ilẹ̀kùn sáyè rẹ̀, ó sì gbàgbé hínjì, ìyẹn irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé. Ìṣó ló fi kàn án mọ́ férémù yí po, bí ẹni ń dé àpótí ọjà, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú. Nígbà tó parí, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aboyún, ó sùn lọ.

Bó ṣe ń hanrun lọ́wọ́ ni ìyàwó ọkùnrin tó ń ta bùrẹ́dì dé pẹ̀lú ìrọbí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo mú ẹ̀wù tí mo tún rán lọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fà á, kò ṣí. Ó gbọ́ ìhanrun nínú yàrá, ó rò pé aboyún mìíràn ló ti ṣáájú wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un láti ìta pé kó rọra máa mí, kó má tíì rọbí. Ìgbà tó yọjú lójú fèrèsé ló rí káfíńtà pẹ̀lú òòlù láyà. Gbogbo ohun èlò nọ́ọ̀sì wà nínú yàrá náà, ìyá ọmọ ò sì lè dúró. Fàrándà ló bímọ sí, lórí ìró tí àwa obìnrin tó wà nítòsí tú tẹ́ sílẹ̀ fún un, nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo ọkùnrin kọjú sí ògiri. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, kò ké. Nọ́ọ̀sì nu imú rẹ̀, ó gbá a nídìí, kò ké. Gbogbo wa dákẹ́, kódà èmi. Lẹ́yìn náà ló wá figbe ta, igbe náà le débi pé àwọn ọkùnrin gbàgbé ògiri. Fàrándà ni à ń pe ọmọ náà báyìí, ó sanra, ó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

Fèrèsé la gbà yọ Bọ̀dá yín. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, èjìká há díẹ̀, a wá fà á. Nọ́ọ̀sì ní ìbímọ méjì lòun gbà lọ́jọ́ náà, ìkejì ló nira jù. Bọ̀dá yín wo ọmọ, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo ìró wa nílẹ̀. Ó gba ilé lọ, kò sì gba iṣẹ́ kankan mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ kẹ́yìn, tí mo bi ọ́ pé kí ni ẹ máa ń ṣe fún irú wọn. O ní kí n má bú u, kí n má da ọtí rẹ̀ nù, kí n má wàásù fún un, kí n má ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí. Mo ní kí ló wá kù. O ní kí n bi í bó ṣe ń ṣe é, kí n sì dákẹ́. Ọmọ mi, o mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì dákẹ́ rí àfi tí mo bá sùn, bàbá rẹ sì ní ìgbà yẹn gan-an kò dá àwọn lójú.

Mo lọ bá a ní ìsọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo ní, àbúrò mi, báwo ló ṣe ń ṣe ọ́. Ó ní dáadáa ni. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, mo rántí rẹ, mo pa ẹnu dé, ó dùn mí dé egungun. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé. Mo ní kò sí. Mo ṣẹ́jú báyìí, mo ti sọ gbogbo ohun tí o ní kí n má sọ, mo tún fi ti bàbá wa tó ti kú kún un. Ó dìde, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí mo máa padà lọ, mo fi ọgbọ́n sí i. Kí n tó wọlé, mo bu omi sẹ́nu, mo fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó wò mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ṣé eyín ń dùn yín ni. Mo mi orí. Ó ní ṣé ẹ ń bínú sí mi ni. Mo mi orí. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí báyẹn, tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi ká jọ gbọ́. Mo mi orí. Ara wá ń ta á. Ó gbé ayùn, ó gbé e sílẹ̀, ó gbá èérún pákó jọ, ó tún tú u ká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí àwa ọmọ bàbá wa, kò sí èyí tó lè fara da ìdákẹ́jẹ́ nínú wa. Ó kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí yẹn dùn-ún sùn lórí, pé òun wá mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń padà lọ síbẹ̀. Omi tú jáde lẹ́nu mi lu àyà rẹ̀, ó rin gbingbin. Mo sáré lọ bu òmíràn kí n tó fèsì.

Nígbà tí mo padà jókòó, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní gbogbo wa la rò pé igbe ọmọ ló jí òun. Kì í ṣe igbe, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ó ní nígbà tí ọmọ yẹn kò ké, tí gbogbo fàrándà pa lọ́lọ́, ojú òun là, torí òun mọ ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún. Òun ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí ìyàwó òun bí ọmọ wọn kan ṣoṣo tí kò ké títí. O kéré nígbà yẹn, o lè má rántí. Àwa rántí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kan pósí rẹ̀. Káfíńtà mìíràn wo ló wà lábúlé. Ó ní pákó tó ṣẹ́ kù lára àga ilé ìwé ló tó o. Ó ní òun gbé òòlù, ọwọ́ òun kọ̀ kò dúró, ẹnì kan wá fún òun ní ọtí díẹ̀ pé kí ọwọ́ náà lè dúró. Ó sì dúró. Ó ní láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí òun bá ti gbé òòlù, ọwọ́ òun á bèèrè ìpín tirẹ̀.

Mo gbé omi ẹnu mi mì, ọmọ mi. Mi ò tún nílò rẹ̀ mọ́. A jókòó síbẹ̀, adìyẹ wọlé wá ṣa èérún pákó, wọ́n rí i pé kì í ṣe oúnjẹ, wọ́n jáde, àwa ṣì jókòó. Ó wá bi mí pé ṣé ibi iṣẹ́ ọmọ yín yẹn, ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà bíi tòun. Mo ní wọ́n ń gbà, kódà tí wọ́n bá ti gbà ọ́, wọn kì í fẹ́ kí o lọ.

Tíṣà lọ mú fọ́ọ̀mù yín wá láti ìlú, ó jókòó tì wá, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní kí ni nǹkan tó ń lò jù. Àbúrò mi ronú dáadáa, kò fẹ́ purọ́ fún ìjọba, ó ní òòlù. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lò ó lójúmọ́. Ó ní láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí iṣẹ́ bá wà. Wọ́n ní ṣé ó máa ń lò ó nígbà tó bá dá wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ òun máa ń yá jù. Wọ́n ní ṣé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ lò ó rí. Ó ní bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, àwọn ló fi kọ́ òun láti kékeré. Wọ́n ní ṣé ó ti fi ṣe ara rẹ̀ léṣe rí. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò ní èékánná sí tíṣà. Wọ́n ní ṣé ó ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni inú ti bí i díẹ̀, ó ní kí lòun á wá máa jẹ. Mo ní kó fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gan-an ni kí wọ́n kọ. Níbi tí wọ́n ti ní ta ni kí àwọn ránṣẹ́ pè tí ohun pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ìwọ la kọ, torí ìwọ lo sún mọ́ ibẹ̀ jù, inú ilé náà lo wà. Tí nǹkan bá ṣe é, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọ láti ibẹ̀ wá síbẹ̀.

Ó ní òun ò ní lọ kí òun tó tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe. Nọ́ọ̀sì ṣì ń gba ojú fèrèsé wọlé, torí kò sí ẹni tó lè fa ìṣó náà yọ. Gbogbo iṣẹ́ tó fi ọtí ṣe ló ń mì, àfi èyí. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn tó ń mú kí ara rọlẹ̀, ó gbé òòlù láìmu nǹkan kan. Ó gbá ìka, ó gbá ògiri, ó gbá ìka kejì. Ọkùnrin tó ń ta bùrẹ́dì, bàbá Fàrándà, dé, ojú rẹ̀ le, a rò pé ìjà ló bá wá. Ó dúró, ó wò ó. Nígbà tó yá, ó lọ di ilẹ̀kùn náà mú fún un. Àwọn méjèèjì lo odindi ọ̀sán kan lórí ohun tí Bọ̀dá yín máa ń ṣe tán tẹ́lẹ̀ kí ẹni tó ń dáná tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn padé. Nọ́ọ̀sì ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, bàbá Fàrándà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní níbi iṣẹ́ ọmọ yín, bẹ́ẹ̀dì tara ẹni, oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tó dákẹ́, ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní òun ò mu ọtí rí láyé òun, àmọ́ ọmọ tuntun ò jẹ́ kí òun sùn, ìgò mélòó lèèyàn gbọ́dọ̀ mu kí wọ́n tó gbà á. Mo ní kó lọ bá ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ. Síbẹ̀, bá wa wádìí.

Ìyàwó Bọ̀dá yín náà gbọ́, ó sọdá odò wá. Kò jókòó. Ó lọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó so bọ́tìnnì tó já, ó kó wọn sínú báàgì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti padà wálé o, tó bá ti ibẹ̀ dé ni òun á rò ó. Ọkọ rẹ̀ ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó lọ tán la rí i pé ìrọ̀rí tó ti òdìkejì odò gbé wá, tí a rò pé ó fẹ́ fi jókòó ni, ó wà nínú báàgì lábẹ́ àwọn ẹ̀wù. Bọ̀dá yín fọwọ́ kàn án, ó tún báàgì dì, kò jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun gbé e.

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun á mú un wá fúnra òun, torí ẹni tó ti mu ún pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí. Lẹ́tà yìí àti àwọn ẹní ìnusẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. O ti sọ fún mi rí pé òfin kò jẹ́ kí o gba ẹbí rẹ nímọ̀ràn, pé ẹlòmíì ni yóò gbọ́ tirẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá ń kọjá, jẹ́ kó rí ọ. Ẹ̀rù ń bà á, kò ní sọ. Ó ti bi mí bóyá wọ́n máa ń gba òòlù lọ́wọ́ ẹni lẹ́nu géètì.

Ní ti àwọn ohun tí mo fẹ́, wọn ò pọ̀. Bá mi fi owó ọkọ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kó fi padà, kí o fi díẹ̀ lé e fún mi, òwú dúdú mi ti tán, bírò yìí náà sì ń kú lọ. Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé bàtà tàwọn, èyí tí kò ní okùn. Kí o sì bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá ìjọba ṣì ń wá agbaninímọ̀ràn. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti gba oníbàárà kan, òun kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bi ọ́. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, ó wà lára mi. Mo gbé e lọ sódò, mo gbé e bọ̀, mo ń ránṣọ, mò ń rí pákó kékeré yẹn. Ẹnì kan péré ni mo gbọ́ tirẹ̀ o. Ìwọ ń gbọ́ irú rẹ̀ láràárọ̀. Níbo lò ń gbé e sí, ọmọ mi? Ta ló ń jókòó ti ìwọ? Tí kò bá sí, gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, wálé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí o máa sọ ọ́ bó bá ṣe ń bọ̀. Mi ò ní wàásù.

Etí tí o fi ń gbọ́ kò ní di. Ọkàn tí o fi ń gbà á kò ní gbọgbẹ́. Ẹni tí o bá ń fà dìde kò ní fà ọ́ lulẹ̀. Gbogbo àwọn tó bá jáde lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n bá ẹni tó ń retí wọn nílé. Ìwọ náà, ọjọ́ tí o bá ń bọ̀, wàá bá wa láàyè, wàá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, oúnjẹ rẹ kò sì ní tíì tutù.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.